Ìjà Kò Tán Bí Ẹ̀yìn Bá Kan Ilẹ̀

Nínú ìjàkadì tí àwọn Yorùbá ń jà láti ayébáyé, ilẹ̀ ni adájọ́ tí kì í gba rìbá: ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kọ́kọ́ kàn án ti fìdí rẹmi, ìlù yóò yí ohùn padà, àwọn èrò ìran yóò hó yèè, ẹni tí ó dá a yóò sì na ọwọ́ sí i kí ó lè dìde. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Ọ̀fà, tí oríkì wọn so ìjàkadì pọ̀ mọ́ orò ìlú wọn, ṣe mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú dambe àwọn Hausa, níbi tí ráùndù ti ń parí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ọwọ́, orúnkún tàbí ara ẹnì kan bá ti kan ilẹ̀, tí wọn yóò sì wí pé wọ́n ti pa onítọ̀hún. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni nínú laamb tí àwọn ará Senegal ń jà lórí yanrìn. Àwọn ìjà tí ó ti òkè òkun wọ ìlú Èkó kò tako òfin yìí. Bí akànṣẹ́ bá ṣubú, rẹfirí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kà títí yóò fi dé ẹẹ́wàá. Bí ẹni tí ń ṣe taekwondo bá ṣubú nínú ìdíje, ìjìyà ni fún un, alátakò rẹ̀ ni yóò sì jẹ máàkì. Nítorí náà, ẹni tí ó ti fi ọdún mẹ́wàá kọ́ bí a ti ń ju ẹ̀ṣẹ́ àti bí a ti ń ta ni ní ìpá lè di ọ̀gá nínú iṣẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í léèrè rí pé kí ni yóò ṣe bí ó bá dùbúlẹ̀ gbalaja, tí ẹlòmíràn jókòó lé e láyà, tí kò sì sí rẹfirí tí yóò fà á kúrò.

Ìjàkadì orí ilẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí ó dáhùn ìbéèrè yẹn. Òun ni gbogbo ọgbọ́n tí ènìyàn méjì ń lò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dé ilẹ̀ tán: bí ẹni ìsàlẹ̀ ṣe lè bọ́ tàbí kí ó dìde, bí ẹni òkè ṣe lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àti bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì ṣe lè fún èkejì lọ́rùn tàbí kí ó fa oríkèé rẹ̀ débi tí yóò fi túúbá. Kò sí ẹ̀ṣẹ́ nínú ẹ̀kọ́ náà, kò sì sí ìpá. Ẹni tí ọ̀ràn bá ká mọ́ kò ní ju kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara alátakò rẹ̀ tàbí ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ, èyí tí àwọn tí ń ṣe é ń pè ní táàpù, ìjà yóò sì dúró lójú ẹsẹ̀. Japan ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Ní ọdún 1882 ni Jigoro Kano dá júdò sílẹ̀ ní Tokyo. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, Mitsuyo Maeda, rin ayé káàkiri, ó ń bá onírúurú ènìyàn jà fún owó, títí ó fi dé Brazil ní 1914, níbi tí ó ti kọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Carlos Gracie ní ìlú Belém. Carlos àti àwọn àbúrò rẹ̀, pàápàá Hélio, kò fi bẹ́ẹ̀ náání gbígbé ni ṣánlẹ̀ mọ́. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìṣubú ni wọ́n gbájú mọ́, inú rẹ̀ ni jiu-jitsu ti Brazil sì ti jáde.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 1993, ní ìlú Denver ní Amẹ́ríkà, ni ayé rí ohun tí ìdílé yìí ti ń ṣe. Ìdíje tí a kọ́kọ́ pè ní UFC ni wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà, wọ́n kó akànṣẹ́, karateka, ajàkadì àti àwọn mìíràn jọ láti mọ èyí tí ó lágbára jù nínú ìjà gbogbo, Royce Gracie, ọmọ Hélio, tí kò sanra, sì fi alẹ́ kan ṣoṣo borí ènìyàn mẹ́ta. Akànṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ kò lójú, Art Jimmerson, wọ ìbọ̀wọ́ ẹ̀ṣẹ́ sí ọwọ́ kan, ó fi èkejì sílẹ̀ lásán. Bí Gracie ti gbé e ṣánlẹ̀ tí ó sì jókòó lé e láyà, Jimmerson gbá ilẹ̀, ó túúbá, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fún un lọ́rùn, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì fà á lápá. Ìrora kọ́ ni ó ṣẹ́gun rẹ̀: ó wà ní ibi tí kò dé rí, kò sì rí nǹkan kan nínú gbogbo ohun tí ó mọ̀ tí ó lè ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀.

Ọdún kẹtàdínlógún ṣáájú èyí ni Muhammad Ali, akànṣẹ́ tí ó ti na George Foreman ní Kinshasa ní 1974, ti fojú kan apá kékeré nínú ìṣòro yìí. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1976, ó bá Antonio Inoki, ajàkadì ará Japan, jà ní gbọ̀ngàn Budokan ní Tokyo. Dípò kí Inoki dúró kí Ali lù ú, ó dùbúlẹ̀ fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú ráùndù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà, ó ń fi gìgísẹ̀ ta Ali ní itan àti ní ojúgun. Ali ń pariwo pé kí ó dìde, àwọn èrò ìran ń bínú, ẹ̀ṣẹ́ tí Ali rí jù kò sì tó nǹkan. Ọ̀mì ni wọ́n ta, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Ali wú débi pé ó ní láti gba ìtọ́jú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ìjà náà ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà, wọ́n sì jẹ̀bi díẹ̀, nítorí pé Inoki kò ṣe ju pé kí ó kọ̀ láti lọ sí ibi tí agbára Ali wà. Ní 2010, ní Boston, James Toney tí ó ti gba àmì ẹ̀yẹ àgbáyé nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní ìpele ìwọ̀n ara mẹ́ta kò tilẹ̀ rí irú àánú bẹ́ẹ̀ gbà: láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ajàkadì Randy Couture ti fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ, ráùndù kìn-ín-ní kò sì parí tí Toney fi túúbá.

Ṣé akànṣẹ́ tàbí karateka kò lágbára ni? Rárá. Ilẹ̀ ni ó ń gba agbára náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ tí ó dùn kì í ṣe ti apá nìkan: láti gìgísẹ̀ ni ó ti ń bọ̀, ìbàdí ni ó ń yí i, èjìká ni ó sì ń jù ú síta, bí ẹ̀yìn bá ti lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, gìgísẹ̀ kò rí ohun tì, ìbàdí kò lè yí, ẹ̀ṣẹ́ tí ó kù kò sì lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Àlàfo náà tún ń lọ. Ẹni tí ó mọ taekwondo dáadáa mọ ibi tí òun yóò dúró sí tí ẹsẹ̀ tòun yóò fi tó alátakò nígbà tí ọwọ́ alátakò kò ní tó òun, ìmọ̀ yìí sì ni ó gba ọdún púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Lórí ilẹ̀, àyà kan àyà, òógùn ẹni òkè ń kán sójú ẹni ìsàlẹ̀, kò sì sí àlàfo kankan láti wọ̀n. Ohun tí àwọn olùkọ́ sì máa ń rí kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ tó mọ̀ ni pé kò mí mọ́. Ẹni tí ó lè ju ẹ̀ṣẹ́ fún ráùndù mẹ́wàá láìrẹ̀ ẹ́ yóò fún eyín pọ̀, yóò le gbogbo iṣan ara rẹ̀, yóò di èémí sínú, kí ìṣẹ́jú méjì tó pé yóò sì ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó wà lókè kò tíì ṣe ju kí ó gbé ara lé e lọ.

Ohun tí ó tún burú ni pé ohun tí ara bá kọ́kọ́ rò pé ó tọ́ ni ó máa ń kó ènìyàn sí wàhálà. Ẹni tí a jókòó lé láyà yóò fẹ́ na apá méjèèjì tààrà láti ti ẹni òkè kúrò, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn yóò ti ti ilẹ̀kùn tí ó há. Apá tí a nà bẹ́ẹ̀ ni ẹni òkè ń wá. Yóò di ọrùn ọwọ́ náà mú mọ́ àyà, yóò gbé ẹsẹ̀ kan kọjá lójú ẹni ìsàlẹ̀, yóò jókòó sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ èjìká rẹ̀, yóò sì fi itan méjèèjì há apá náà. Ó wá ku kí ó gbé ìbàdí sókè díẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sí ìhà tí Ọlọ́run kò dá a láti tẹ̀ sí. Bí onítọ̀hún bá wá ní ọgbọ́n láti má na apá, ó lè ṣe ohun kejì tí ara ń sọ fún un, èyí tí í ṣe pé kí ó yí ojú délẹ̀ kí ó lè fi ọwọ́ àti orúnkún ta dìde. Ní àkókò tí ó bá yí padà yìí ni ó ń gbé ẹ̀yìn fún alátakò, apá alátakò yóò sì wọ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Fífún ni lọ́rùn láti ẹ̀yìn kì í sábà jẹ́ ti ọ̀nà ọ̀fun rárá: iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá méjì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn lọ́tùn-ún àti lósì, tí wọ́n ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, ni ìgbọ̀nwọ́ tí a ká mọ́ ọrùn ń tẹ̀, bí ó bá sì wọlé dáadáa, láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn yóò dákú. Ìdí nìyí tí kò fi sí ìtìjú nínú táàpù, tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà sì máa ń tètè ṣe é, nígbà tí àwọn aláṣejù ń fi ìgbọ̀nwọ́ wọn san owó rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ó yẹ oníjà ìdúró kì í wá ṣe bí òun náà yóò ṣe fún ènìyàn lọ́rùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn ni gbogbo ènìyàn ń fẹ́ kọ́. Bí yóò ṣe dìde ni. Ó ní láti kọ́ láti kó ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìhà, láti fi ẹ̀gbẹ́ sùn dípò ẹ̀yìn, àti láti fi egungun apá tẹ ọrùn tàbí ìbàdí ẹni òkè kí àyè díẹ̀ lè wà láàárín wọn. Lẹ́yìn náà ni yóò tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó sì fa ìdí sẹ́yìn, kì í ṣe pé kí ó ti alátakò, nítorí ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ fúyẹ́ láti gbé ju ara ẹlòmíràn tí ó wúwo lé e lọ. Bí àyè bá ti gba orúnkún, yóò ti orúnkún bọ̀ ọ́. Bí orúnkún bá ti wọlé, yóò fi ẹsẹ̀ méjèèjì ká ìbàdí alátakò tàbí kí ó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ lé e níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní gáàdì, ìyẹn ibi tí ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ kò tíì di ẹni tí a ṣẹ́gun. Láti inú gáàdì ni yóò ti gbé ọwọ́ kan sẹ́yìn mọ́lẹ̀, yóò tẹ ẹsẹ̀ kan mọ́lẹ̀ níwájú, yóò gbé ìdí kúrò nílẹ̀, yóò sì fa ẹsẹ̀ kejì gba abẹ́ ara rẹ̀ kọjá sẹ́yìn títí yóò fi dúró, láìmójú kúrò lára alátakò fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó rọrùn láti sọ. Ẹni tí ó bá lè ṣe é nígbà tí ẹni tí ó wúwo jù ú lọ kò fẹ́ kí ó ṣe é ti kọ́ nǹkan ńlá.

Kì í ṣe òfo ni oníjà ìdúró gbé wá o. Ọmọ taekwondo ní ìbàdí tí ó rọ̀, gáàdì kò sì ní ṣòro fún un bí ó ti ń ṣòro fún ẹni tí eegun rẹ̀ ti gan. Akànṣẹ́ mọ bí a ti ń dúró láìṣubú, ó sì mọ àkókò, nítorí náà ó máa ń tètè mọ bí a ti ń ju ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn nígbà tí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbá itan rẹ̀ mú, kí ìbàdí rẹ̀ lè wúwo lé onítọ̀hún lọ́rùn. Maurice Smith, tí ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá ni iṣẹ́ rẹ̀, kò ní ju èyí àti sùúrù lọ nígbà tí ó bá Mark Coleman, ajàkadì tí ó sígbọnlẹ̀, jà ní oṣù keje ọdún 1997: ó ti lọ kọ́ lọ́dọ̀ Frank Shamrock bí a ti ń wà nísàlẹ̀ láìṣe aṣemáṣe, ó sì jẹ́ kí Coleman ṣiṣẹ́ lókè títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó dìde, ó nà án, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ àwọn Yorùbá jù lọ ni ti Israel Mobọ́lájí Adésànyà, tí wọ́n bí ní Èkó ní ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 1989. Ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan taekwondo ní ilé ìwé Chrisland ní Opebi, kí ìyá rẹ̀ tó yọ ọ́ kúrò nítorí pé ó fara pa. Àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Ghana ní 1999, láti ibẹ̀ wọ́n sì lọ sí New Zealand, níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ kickboxing nígbà tí ó di ọmọ ọdún méjìdínlógún. Nígbà tí ó fi wọ UFC ní oṣù kejì ọdún 2018, gbogbo ayé mọ̀ pé kò sí ohun tí kò lè fi ẹsẹ̀ àti ẹ̀ṣẹ́ ṣe, ìbéèrè tí ó kù fún àwọn alátakò rẹ̀ kò sì ju ẹyọ kan lọ: bí wọ́n bá gbé e ṣánlẹ̀ ńkọ́? Rob Wilkinson gbìyànjú rẹ̀ ní Perth, Adésànyà ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì nà án ní ráùndù kejì. Derek Brunson, tí ìjàkadì mọ́ lára láti ilé ẹ̀kọ́ gíga, náà gbìyànjú rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, kò sì rí ráùndù kìn-ín-ní parí. Lábẹ́ Eugene Bareman ní gbọ̀ngàn City Kickboxing ní Auckland, wọn kò gbìyànjú láti sọ Adésànyà di ajàkadì: wọ́n kọ́ ọ bí a kò ṣe ń ṣubú, àti bí a ti ń dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí a bá ṣubú. Èyí tó láti gba àmì ẹ̀yẹ lọ́wọ́ Robert Whittaker ní Melbourne ní oṣù kẹwàá ọdún 2019 níwájú èrò tí ó lé ní 57,000.

Ibi tí ẹ̀kọ́ náà kò dé ni ó wá ń hàn díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, Adésànyà gòkè lọ bá Jan Błachowicz jà ní ìpele ìwọ̀n ara tí ó wúwo ju tirẹ̀ lọ. Ráùndù mẹ́ta àkọ́kọ́ kò fi ẹnì kankan hàn gedegbe. Ní ráùndù kẹrin àti ìkarùn-ún, Błachowicz gbé e ṣánlẹ̀, ó wúwo lé e, Adésànyà kò sì rí ọ̀nà dìde títí agogo fi dún, bí ó ti pàdánù fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú irú ìjà bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí ó bá wo ìjà náà dáadáa yóò rí i pé kò túúbá ní ìsàlẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n kò gòkè. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ní New York, nígbà tí ó pàdé Alex Pereira tí ó ti nà án rí lẹ́ẹ̀mejì nínú kickboxing, Adésànyà fúnra rẹ̀ ni ó gbé Pereira ṣánlẹ̀ ní ráùndù kẹta tí ó sì wà lókè rẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ ṣàjèjì sí Pereira jù ú lọ. Pereira padà nà án ní ráùndù karùn-ún, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ohun tí ojú rí ní ráùndù kẹta di asán. Nígbà tí ó wá di oṣù kẹjọ ọdún 2024, ní Perth kan náà tí ó ti bẹ̀rẹ̀, Dricus du Plessis ará South Africa gun ẹ̀yìn rẹ̀ ní ráùndù kẹrin, ó fi apá há a ní àgbọ̀n àti ojú, Adésànyà sì gbá a lára, ó túúbá. Ó ti gba bẹ́líìtì aláwọ̀ àlùkò nínú jiu-jitsu lọ́wọ́ André Galvão ṣáájú àkókò yìí, ìyẹn bẹ́líìtì kẹta nínú márùn-ún: funfun, búlúù, àlùkò, àwọ̀ igi àti dúdú. Ìmọ̀ bẹ́líìtì kẹta tó láti gba ènìyàn lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀. Kò tó lọ́wọ́ ẹni tí ilẹ̀ ti jẹ́ ilé fún láti ìgbà èwe.

Francis Ngannou, ọmọ Cameroon tí ó ń wa yanrìn ní kékeré kí ó tó máa lá àlá ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, rin ọ̀nà kan náà jìnnà díẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, Stipe Miocic gbé e ṣánlẹ̀ léraléra fún ráùndù márùn-ún. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní 2021, Ngannou tì í dà sẹ́yìn nígbà tí ó fẹ́ gbé e, ó sì nà án dákú ní ráùndù kejì. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, nígbà tí orúnkún ń ro ó tí Ciryl Gane sì ti gba ráùndù méjì lọ́wọ́ rẹ̀, ọkùnrin tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù nítorí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ yìí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Gane ṣánlẹ̀ tí ó sì fi ìjàkadì gba ìjà náà. Kamaru Usman tí wọ́n bí ní Auchi tilẹ̀ ti òdìkejì wá, ìjàkadì ni ó kọ́kọ́ mọ̀, ẹ̀ṣẹ́ ni ó wá kọ́ lẹ́yìn; ní ọdún 2021, òun, Adésànyà àti Ngannou ni ó jùmọ̀ di bẹ́líìtì UFC mú ní ìpele ìwọ̀n ara mẹ́ta.

Kí ni èyí wá já mọ́ fún ọ̀dọ́ tí ń kọ́ karate tàbí ẹ̀ṣẹ́ ní Ladi-Lak ní Èkó? Ní ibi tí Ṣómólú àti Bàrígà ti wọnú ara wọn yìí, ilé fi ara ti ilé, ilé ìtẹ̀wé fi ara ti ṣọ́ọ̀bù, àyè tí ènìyàn lè nà sí kò sì pọ̀. Ìjà ìdúró bá irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ mu: àgbàlá ilé ìwé tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ tó fún ogún ọmọ láti tò, kí wọ́n máa ju ẹ̀ṣẹ́ sí afẹ́fẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Sìmẹ́ǹtì kò gba ìjàkadì orí ilẹ̀. Ẹní tí wọ́n ń tẹ́ fún un wọ́n, ìdí pàtàkì sì nìyẹn, ju àìnífẹ̀ẹ́ sí i lọ, tí ẹ̀kọ́ náà kò fi rìn jìnnà ní àwọn àdúgbò tálákà. Fóòmù àlòkù tí a tò pọ̀ tí a sì fa tàpólì le lórí yóò ṣe iṣẹ́ náà dé ìwọ̀n kan. Yanrìn tí àwọn awayanrìn ń kó gòkè láti inú ọ̀sà ní etí omi Bàrígà yóò tún ṣe é dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá kó o sí inú ọgbà tí a sì ṣa ìgò àti ìkarahun kúrò nínú rẹ̀, nítorí yanrìn ni àwọn ará Senegal àti Gambia ń jàkadì lé, wọn kò sì ráhùn.

Ìmọ́tótó kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré níbẹ̀. Ara tí ń kan ara fún wákàtí kan ni làpálàpá ń fẹ́, bí ẹnì kan bá sì gbé e wọlé lọ́jọ́ Ajé, kí ọ̀sẹ̀ tó parí yóò ti dé ọrùn ẹni mẹ́ta. Kí a fọ tàpólì pẹ̀lú ọṣẹ àti omi apakòkòrò lẹ́yìn gbogbo ìpàdé, kí a gé èékánná, kí ẹni tí ara rẹ̀ bá ní egbò tuntun jókòó sílé.

Èyí tí ó tún le ju owó fóòmù lọ ni ipò. Ọ̀gá karate tí ó ti gba bẹ́líìtì dúdú, tí àwọn ọmọ ń tẹrí ba fún ní kùtùkùtù, tí àwọn ìyá wọn ń kí ní ‘ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ọ̀gá’, yóò ní láti so bẹ́líìtì funfun mọ́ ìdí, kí ọmọ ogún ọdún tí ó wà ní kíláàsì kan náà sì jókòó lé e láyà. Nínú àwùjọ tí ọmọdé kì í ti àgbà lulẹ̀ ní gbangba, èyí kì í ṣe nǹkan yẹpẹrẹ, àwọn olùkọ́ tí ó gbọ́n sì máa ń kọ́kọ́ fi irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ orí, wọ́n sì máa ń jẹ́ kí ọmọdé náà máa kí i kí wọ́n tó gbá ara wọn mú. Ó yẹ kí inú rẹ̀ sì dùn pé ìràwọ̀ rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ síbẹ̀: nínú ìran àkọ́kọ́ nínú fíìmù Enter the Dragon ti ọdún 1973, èyí tí ó mú kí àìmọye ọ̀dọ́ Èkó máa ta ara wọn ní ìpá lójú pópó, Bruce Lee fi Sammo Hung mọ́lẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn, ó sì fa apá rẹ̀ títí ó fi túúbá. Gbogbo ènìyàn ni ó wò ó; ìpá nìkan ni wọ́n rántí.

Iye oṣù tí yóò gbà kí ilẹ̀ má ba oníjà ìdúró lẹ́rù mọ́ yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n àmì rẹ̀ kì í ṣòro láti rí, orí ìdúró ni ó sì ti máa ń kọ́kọ́ hàn. Ẹni tí kò mọ ilẹ̀ kì í lè ta ìpá tí ó ga, nítorí ó mọ̀ pé bí wọ́n bá gbá ẹsẹ̀ náà mú, ó ti tán; ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ náà máa ń kúrú, ìdí rẹ̀ máa ń wà lẹ́yìn, ó ń ṣọ́ itan ara rẹ̀ ju bí ó ti ń ṣọ́ ojú alátakò lọ. Nígbà tí ó bá ti dá a lójú pé òun lè dìde, yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í sún síwájú, ẹsẹ̀ yóò tún gòkè dé etí, gbogbo ohun tí ó ti fi ọdún mẹ́wàá kọ́ yóò sì padà sí ọwọ́ rẹ̀ níwájú ẹni tí ó fẹ́ gbé e ṣánlẹ̀.